Ọdún Tí Wọ́n Kan Èèkàn Mọ́ Ẹ̀yìnkùlé Wa

Sàlámọ̀tù Àbẹ̀kẹ́ Òkín, ìyá mi, Ìyèrú, ọmọ Ọlọ́fà. Aya Sàká Àlàmú. A-sẹ́-ògì-kúnná bí àtíkè, ajígbálẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ̀ pé òun dọ̀tí, abiyamọ tó ń bu oúnjẹ ará ilé kejì sílẹ̀ kó tó bu tara rẹ̀. Òkín, ẹyẹ tó ń kó ìyẹ́ rẹ̀ mọ́ra kọjá níbi ẹrẹ̀. Àbẹ̀kẹ́ ti lọ. Ẹni tó mọ̀ wọ́n ní Muṣin ti gbọ́. Ẹni tí kò mọ̀ wọ́n ni mò ń sọ fún. Láti ìgbà tí wọ́n ti lọ, mi ò lè jókòó sójú kan. Mo lè bẹ̀rẹ̀ sí í ṣa ẹ̀wà, kí n fi sílẹ̀, kí n dìde lọ sẹ́nu ọ̀nà, kí n wo gọ́tà, kí n padà wá bá ẹ̀wà, kí n má mọ ibi tí mo ṣa á dé mọ́. Àwọn ọmọ mi ní kí n lọ sinmi. Mo ní mo ti gbọ́. Mo tún dìde. Ìgbà tí ẹsẹ̀ ò jẹ́ n gbádùn ni mo ní kí ọwọ́ gbà á ṣe, kí n kọ ọ́ sílẹ̀ bí mo ṣe lè kọ ọ́ mọ. Ọdún kan ṣoṣo ni mo fẹ́ sọ, torí inú ọdún yẹn ni ohun tó bá ìyá mi jà títí wọ́n fi kú ti bẹ̀rẹ̀.

Bàbá mi kú nígbà ọyẹ́, kí ọdún náà tó wọlé. Iṣẹ́ rélùwéè ni wọ́n ń ṣe ní Ijora, àyà ló sì mú wọn lọ. Ẹ̀yìnkùlé la sin wọ́n sí, láàárín kànga àti ilé ìdáná, níbi tí ìyá mi ti lè máa rí wọn bí wọ́n bá ń sẹ́ ògì. Àfáà Sánní, tó ń kọ́ wa ní kéwú, ló wẹ̀ wọ́n. Àfáà náà ló sọ fún ilé pé kí ẹnikẹ́ni má fi sìmẹ́ńtì kọ́ nǹkan lé wọn lórí, pé inú iyẹ̀pẹ̀ la ti wá, kí wọ́n jẹ́ kí iyẹ̀pẹ̀ bo bàbá mi. Ìyá mi gbà. Wọ́n ń gbá ojú ibẹ̀ láràárọ̀ bí ẹni ń nu ojú ọmọ, débi pé nígbà tí òjò ti rọ̀ sí i díẹ̀, ilẹ̀ náà tẹ́ pẹrẹsẹ, àlejò lè gbé àga lé e láìmọ̀. Àwa ará ilé nìkan la mọ ibi tá ò gbọdọ̀ fi ẹsẹ̀ tẹ̀. Ọmọ bí ọdún mẹ́sàn-án ni mí. Mo máa ń gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá pẹ̀lú garawa omi, mo sì máa ń kí wọn bí ẹni ń kí àgbà tó ń sùn, ohùn wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́.

A ò pọ̀ nílé náà. Ìyá Mùtíù, ìyálé ìyá mi, ló ni yàrá iwájú, obìnrin títóbi tí ohùn wọn máa ń ṣáájú wọn wọlé. Bọ̀dá Kàmọ́rù, àbúrò bàbá mi, wà ní yàrá àárín. Bíríkìlà ni wọ́n. Ìyá mi ò pe orúkọ wọn rí, ìyàwó kì í pe ọmọ ọkọ lórúkọ. Afínjú ni ìyá mi sọ wọ́n, nítorí pé bí Bọ̀dá bá ti ibi iṣẹ́ dé, wọ́n á kọ́kọ́ fọ sìmẹ́ńtì kúrò lábẹ́ èékánná kí wọ́n tó jẹ́ ìkíni. Èmi àti ìyá mi la wà ní yàrá ẹ̀yìn. Ohùn tó ń jí mi ni ti asẹ́. Omi á ṣàn sórí aṣọ, ọwọ́ ìyá mi á máa yí àgbàdo lílọ̀ lórí rẹ̀, ṣìọ̀ṣìọ̀, ṣìọ̀ṣìọ̀, bí ẹni ń rìn nínú ewé gbígbẹ. Lẹ́yìn náà ni fèrè ilé iṣẹ́ aláṣọ tó wà lódìkejì kánáàlì ẹ̀yìn ilé wa á dún, Ìyá Mùtíù á sì dá a lóhùn láti orí bẹ́ẹ̀dì pé, "A ti gbọ́, a ò bá yín ṣiṣẹ́." Iṣẹ́ tèmi ni kí n fa omi kànga, kí n da eèrí ògì fún ewúrẹ́, kí n ru ògì tútù lọ fún àwọn oníbàárà: Ìyá Bíńtù, Sísí Abẹ́ni tó ń ránṣọ, Màmá Kristi tó ń gbé ìsàlẹ̀, tí kì í jẹ́ kí n lọ láì fún mi ní búrẹ́dì. Tí mo bá dé, ẹ̀kọ gbígbóná ń bẹ pẹ̀lú ẹja sísun tí wọ́n fọ́ sínú ata. Ní ọjọ́ Jímọ̀, ìrẹsì ni. Ìyá Mùtíù ló ń pín ẹran, wọ́n á ní, "Rísì, tìrẹ tóbi, má jẹ́ kí Afínjú rí i," wọ́n á sì sọ ọ́ sókè kí Afínjú lè gbọ́.

Kánáàlì náà ò fẹ̀ nígbà yẹn, pákó kan la fi ń ré e kọjá. Kí ilé iṣẹ́ tó dé, àbàtà ló wà lódìkejì, ilẹ̀ rírọ̀ tí ẹ̀fọ́ ń hù létí rẹ̀ fúnra rẹ̀, tí bàbá mi máa ń dẹ ẹja àrọ̀ níbẹ̀ lọ́jọ́ ìsinmi. Bí òjò bá rọ̀, ibẹ̀ ni omi ń lọ sùn. Ìgbà tí ọlọ́rọ̀ kan rà á, tíípà ń da yanrìn síbẹ̀ láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́, wọ́n mọ ògiri gíga yí i ká, wọ́n gbé ẹ̀rọ aṣọ síbẹ̀. Omi tí kò rí ibi sùn mọ́ bá gba ọ̀dọ̀ wa wá. Lọ́dún tí mò ń sọ yìí, òjò ńlá kan ò ní í rọ̀ kí a má gbé ẹní àti aṣọ sórí tábìlì, kí ewúrẹ́ má gun àga. Omi aró ilé iṣẹ́ náà sì wà nínú rẹ̀. Àwa ọmọdé mọ aṣọ tí wọ́n ń pa láró láìwọ ọgbà wọn: lónìí kánáàlì á pupa, lọ́la á di àwọ̀ ewé. Eré ni lójú wa. A máa ń fi ta tẹ́tẹ́, ẹni tó bá mọ àwọ̀ ọ̀la ló jẹ. Ìgbà tí omi kànga wa bẹ̀rẹ̀ sí í yí padà ni eré tán. Láàárọ̀ ọjọ́ kan ìyá mi ṣí ìkòkò, ògì náà pọ́n rẹ́súrẹ́sú bí ètè ọmọ tuntun. Wọ́n jókòó tì í.

"Rísì, lọ sọ fún àwọn oníbàárà pé ògì òní ń lọ sílé ọkọ," Ìyá Mùtíù wí láti ẹnu ọ̀nà. "Ó ti kun osùn."

Ìyá mi ò rẹ́rìn-ín. Wọ́n da ìkòkò náà fún ewúrẹ́. Ewúrẹ́ gbóòórùn rẹ̀, ó yí orí padà.

Àwa fúnra wa la ké sí ìjọba. Ìyẹn ni mo máa ń rántí tí ara mi fi ń gbóná títí di òní. Àwọn àgbà òpópónà ló lọ, Bàbá Tawa tó ń tún bàtà ṣe ní ilé tó kángun sí tiwa ló ṣáájú wọn, wọ́n ní kí ìjọba wá gbà wá lọ́wọ́ omi. Ìjọba sì dáhùn. Ọkọ̀ kan dé, ọkùnrin kan tó gbé ẹ̀rọ ìwọnlẹ̀ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta bọ́ sílẹ̀, àwọn òṣìṣẹ́ tó ru èèkàn tẹ̀ lé e. Sọ́fíyọ̀ ni gbogbo wa ń pè é. Ó ní wọ́n fẹ́ fẹ kánáàlì kí omi lè rí ọ̀nà lọ. Inú wa dùn. Ìyá Mùtíù fún àwọn òṣìṣẹ́ lómi mu, wọ́n tún fún wọn ní àga. Ẹ̀yìn ìgbà tí wọ́n mumi tán la tó rí i pé ẹ̀gbẹ́ tiwa nìkan ni wọ́n ń kan èèkàn mọ́. Èèkàn tiwa bọ́ sí ìdí ògiri yàrá ẹ̀yìn. Ó fi ilé ìdáná, kànga àti bàbá mi sí ọ̀hún, ó fi wá sí ìhín.

Bàbá Tawa ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. "Ọ̀gá, ẹ dákun, kánáàlì ní ẹ̀gbẹ́ méjì."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá."

"Ẹ̀gbẹ́ ọ̀hún ńkọ́?"

"Ilé iṣẹ́ ló wà lọ́hùn-ún."

"Kí ló wà níbí? Ṣé oko ni?"

Sọ́fíyọ̀ wo ìwé fífẹ̀ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní bí wọ́n ṣe yà á nìyẹn, òun kọ́ ló yà á. Ó ní kí a má bẹ̀rù, pé tí iṣẹ́ bá parí, etí kánáàlì máa di ọgbà ìgbafẹ́, igi máa wà, bẹ́ńṣì máa wà, atẹ́gùn á máa fẹ́ sí ará ìlú.

"Ará ìlú wo?" Ìyá Mùtíù ti gba àga wọn padà. "Àwa tẹ́ ẹ fẹ́ lé, ṣé ká máa wọkọ̀ wá gba atẹ́gùn níbi tá a ti ń gbé ni?"

"Ẹ ẹ̀ rí nǹkan," Bàbá Tawa wí. "Wọ́n ní àgbàrá òjò ò ní òun ò nílé wó, onílé ni ò ní gbà fún un. Èyí tó dé yìí, àgbàrá ti lọ gba sọ́fíyọ̀."

Àwọn ènìyàn rẹ́rìn-ín. Ìyá mi kò sí láàárín wọn. Wọ́n ti lọ dúró síbi tí bàbá mi wà, wọ́n ń wo èèkàn náà, wọ́n tún ń wo ilẹ̀.

Ọgbà tí wọ́n wí yẹn kò dé títí di òní. Ohun tó wà létí kánáàlì báyìí ni ààtàn, àti ìsọ̀ àwọn tó ń jó irin. Lọ́dún tó kọjá ni àwọn ọ̀dọ́ kan tún wá láti Yábà, wọ́n ní àwọn ń bá ìlú ṣètò, pé àwọn fẹ́ gbọ́ ohùn wa kí wọ́n tó ya nǹkankan. Ọmọ tó kọ́ ẹ̀kọ́ ilé ni wọ́n. Ọmọbìnrin tó ṣáájú wọn gé irun rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó kúnlẹ̀ kí ìyá mi, ó fi àwòrán hàn wọ́n lójú fóònù rẹ̀: koríko tútù, igi, ọmọdé tó ń fò. Ìyá mi gbé e sún mọ́ ojú, wọ́n wò ó pẹ́. Wọ́n ní, "Ó dára, ọmọ mi. Ilé wa dà nínú rẹ̀?" Ọmọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìka fẹ àwòrán náà lójú, ó ń wá a. Ó wá a gan-an. Nígbà tó yá, ó ní, "Màmá, ẹ jẹ́ kí n bi wọ́n." Mi ò bínú sí i. Mo kàn tún dìde, mo lọ wo gọ́tà.

Kí n padà síbi tí mo wà. Ọ̀rọ̀ kan bẹ̀rẹ̀ sí í rìn ní òpópónà pé ìjọba kì í wó ibi tí sàréè bá wà. Mi ò mọ ẹni tó kọ́kọ́ sọ ọ́. Bọ̀dá Kàmọ́rù gbọ́ ọ níbi iṣẹ́, wọ́n sì gbé e wọlé pẹ̀lú ẹ̀rín, lọ́jọ́ yẹn wọn ò tilẹ̀ rántí fọ èékánná.

"Ìyá Rísì," Bọ̀dá sọ fún ìyá mi, "ohun tí ẹlòmíì ń wá, àwa ní i. Àmọ́ ta ló máa mọ̀? Ilẹ̀ tẹ́ ẹ gbá dán bí àwo yẹn, tí mo bá jẹ́ sọ́fíyọ̀, èmi náà ò ní gbà pé ẹnì kan wà lábẹ́ rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n kọ́ ọ."

"Afínjú, Àfáà ní ká má kọ́ ọ."

"Àfáà ò gbé létí kánáàlì."

"Kọ́ ọ jàre," Ìyá Mùtíù wí, "kó o kọ orúkọ sí i gàdàgbà. Àlàmú fẹ́ràn kí wọ́n máa rí òun."

Wọ́n ránṣẹ́ pe Àfáà Sánní. Àfáà dé, wọ́n jókòó, wọn ò pariwo. Wọ́n ní, "Sàlámọ̀tù, tó o bá kọ́ ọ nítorí ojú ènìyàn, ojú ènìyàn náà ló máa dá a lẹ́jọ́."

Ìyá mi kúnlẹ̀ níwájú wọn. "Ẹ má bínú, Àfáà. Ọkọ mi ló wà níbẹ̀. A ti bá ara wa sọ ọ́ nígbà tó wà láyé, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni wọ́n máa sin mí sí. Tí wọ́n bá gbé ibẹ̀ lọ, níbo ni wọ́n máa gbé mi sí?"

Obìnrin tí irun rẹ̀ ṣì dúdú kirikiri ló ń sọ̀rọ̀ báyìí. Mo rò pé àwàdà ni. Lójú ọmọdé, ìyá ẹni kì í kú. Mi ò mọ̀ pé ẹni tí wọ́n fẹ́ níyàwó kúrò ní Ọ̀fà, tó wá bá ọkọ ní Èkó, tí ọkọ sì kú, ẹ̀gbẹ́ ọkọ yẹn nìkan ni ilẹ̀ tó kù tó lè pè ní tirẹ̀. Ìyá mi kò ní ilé bàbá tí wọ́n fẹ́ padà sí. Wọ́n ní ilẹ̀ tó fẹ̀ tó ẹní kan, lẹ́gbẹ̀ẹ́ bàbá mi.

Bọ̀dá kọ́ ọ ní ọ̀sán ọjọ́ kan. Èmi ni mo fa omi. Búlọ́ọ̀kù ni wọ́n tò yí i ká, wọ́n da kọnkéré sí àárín, wọ́n rẹ́ ẹ lójú títí ó fi ń dán, wọ́n fi ìṣó kọ SÀKÁ ÀLÀMÚ sí ìhà orí. Nígbà tó gbẹ díẹ̀, wọ́n fi láìmù kùn ún. Ó funfun ju gbogbo ohun tó wà nílé wa lọ. Ìyá mi dúró tì í pẹ̀lú ìgbálẹ̀ lọ́wọ́, wọn ò mọ ibi tí wọ́n máa gbá mọ́. Ní ọ̀sán náà, a ń gbọ́ ṣọ́bìrì lẹ́yìn ilé Bàbá Tawa, a tún ń gbọ́ ọ níwájú, a rò pé wọ́n ń tún ilé wọn ṣe nítorí òjò. A ò mọ̀ pé gbogbo òpópónà ló ń sìnkú.

Sọ́fíyọ̀ padà wá pẹ̀lú ọ̀gá rẹ̀, àgbàlagbà kan tó dé fìlà, láti wo ohun tó wà níwájú èèkàn kọ̀ọ̀kan. Gbogbo ènìyàn ń tẹ̀ lé wọn láti ilé dé ilé. Ilé Bàbá Tawa ni wọ́n kọ́kọ́ yà sí. Sàréè méjì ló wà níbẹ̀, funfun nini.

"Ta nìyí?" ọ̀gá náà bi Bàbá Tawa.

"Bàbá mi ni. Ọlọ́run kẹ́ ẹ."

"Èkejì ńkọ́?"

"Ẹ̀gbọ́n mi ni, Ràímì. Ikú dóró."

Ràímì fúnra wọn, àgbàlagbà tó ń gbé ní ìsàlẹ̀, sì yọ lẹ́yìn èrò pẹ̀lú pákò lẹ́nu. "Ẹ káàárọ̀ o. Mo gbọ́ orúkọ mi."

Mi ò gbọ́ irú ẹ̀rín bẹ́ẹ̀ rí ní òpópónà wa. Ọ̀gá náà rẹ́rìn-ín títí ó fi gbá fìlà rẹ̀ mú. Bàbá Tawa náà bá wọn rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ó ti jí nìyẹn, ẹ bá mi kí i." Ilé tó tẹ̀ lé e, sàréè. Èyí tó tún tẹ̀ lé e, sàréè, láìmù rẹ̀ ò tíì gbẹ. Ọ̀gá náà bi sọ́fíyọ̀ rẹ̀ bóyá àrùn kan ló wọ àdúgbò yìí. Nígbà tí wọ́n fi dé ọ̀dọ̀ wa, ẹ̀rín ti sú wọn, ó ti ku kí wọ́n parí iṣẹ́ kí wọ́n máa lọ. Ìyá mi nìkan ni kò rẹ́rìn-ín láti àárọ̀. Wọ́n ti wẹ̀, wọ́n ti wọ aṣọ tó dára, wọ́n dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ sàréè náà bí ẹni fẹ́ fi ọkọ mọ àlejò.

Sọ́fíyọ̀ fi ìka kan sàréè náà, ó fi láìmù tó lẹ̀ mọ́ ìka náà han ọ̀gá.

"Ìgbà wo ni ọkọ yín kú, Ìyá?"

"Ọyẹ́ tó kọjá."

"Sìmẹ́ńtì yìí ò tíì rí ọyẹ́ kankan."

"Sìmẹ́ńtì ló jẹ́ tuntun, ọ̀gá. Ọkọ mi kì í ṣe tuntun."

"Gbogbo ilé tá a dé ló sọ bẹ́ẹ̀."

Ìyá mi ní kí wọ́n pe Àfáà Sánní. Gbogbo Muṣin mọ̀ pé Àfáà kì í purọ́. Àfáà dé pẹ̀lú tẹ̀sùbáà lọ́wọ́. Ọ̀gá náà bọ̀wọ̀ fún wọn, ó ṣí fìlà.

"Àfáà, ṣé òkú wà níbí?"

"Ó wà. Èmi ni mo wẹ̀ ẹ́."

"Ṣé bí ẹ ṣe sin ín nìyí?"

"Rárá o. Mo ní kí wọ́n má kọ́ ohunkóhun sí i."

"Sàréè tí mò ń wò yìí ò sí níbí tẹ́lẹ̀, àbí?"

Àfáà wo ìyá mi. "Èyí tẹ́ ẹ ń wò yìí, kò sí níbí tẹ́lẹ̀. Àmọ́ ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé fún yín."

Ọ̀gá náà ti yí padà, ó ti ń bá sọ́fíyọ̀ rẹ̀ sọ ti ilé tó kàn. Àfáà ṣì ń ṣàlàyé fún ẹ̀yìn rẹ̀. Ìyá mi sáré lọ síwájú wọn, wọ́n ní, "Ẹ gbẹ́ ẹ. Mo ní kẹ́ ẹ gbẹ́ ẹ, kẹ́ ẹ wò ó." Ẹ̀rín dákẹ́ ní òpópónà. Ọ̀gá náà ní òun ò wá láti gbẹ́ ilẹ̀ kiri, kí Ìyá lọ fara balẹ̀. Ìyá Mùtíù ló dì wọ́n mú. Ohùn wọn tó máa ń ṣáájú wọn, mi ò gbọ́ ọ lọ́jọ́ yẹn.

Fún ọ̀pọ̀ ọdún, mi ò kí Bàbá Tawa dáadáa. Mo rò pé àwọn òkú irọ́ wọn ló pa òkú òótọ́ wa. Nígbà tí mo dàgbà, tí èmi náà ń wá yàrá tí mo máa gbé àwọn ọmọ mi sí, ó yé mi pé ilé ni Bàbá Tawa ń wá, kì í ṣe ìjà wa. Ẹni tí wọ́n fa ìlà sí nílé á fi ohun tó bá rí dí ìlà. Ìlà yẹn ni mo yẹ kí n bínú sí, àti ọwọ́ tó rí ògiri ilé iṣẹ́ tó yẹ̀ fún un, tó rí ilé ìdáná wa tó kọjá láàárín rẹ̀. Bàbá Tawa ti kú kí n tó kí wọn bó ṣe yẹ.

Àfáà Sánní padà wá, wọ́n ní tí nǹkan bá di kàráǹgídá, ẹ̀sìn gbà kí wọ́n gbé òkú kúrò. Bọ̀dá Kàmọ́rù ní àwọn ti ṣetán láti gbẹ́ ẹ. Ìyá mi kọ̀. Wọ́n ní, "Àlàmú kì í ṣe ayálégbé. Mi ò ní í kó o jáde bí ẹrù." Mo rò pé wọ́n ṣì gbàgbọ́ nínú ọkàn wọn pé ẹnì kan á yí ìwé náà padà. Láràárọ̀, wọ́n ń sẹ́ ògì níbẹ̀ bíi tàná, ṣùgbọ́n omi rírà ni, torí kànga ò ṣeé fojú rí mọ́.

Láàárọ̀ tí katakata dé, ìyá mi wà nídìí asẹ́. Wọn ò dìde. Ẹ̀rọ náà wó ẹ̀yìnkùlé Bàbá Tawa, ilẹ̀ ń mì lábẹ́ wa, omi inú ọpọ́n ń gbọ̀n, ìyá mi ń sẹ́ ògì. Ìgbà tó kan ògiri ilé ìdáná ni Bọ̀dá gbé ìkòkò, Ìyá Mùtíù sì gbá ìyá mi mọ́ra, wọ́n gbé wọn dúró. Kọnkéré tí Bọ̀dá fi ọ̀sán kan ṣe, ẹ̀rọ náà fọ́ ọ bí ìpékeré. Ó bu ilẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó tún bù ú. Lẹ́yìn náà ó dúró. Ọkùnrin tó ń wà á bọ́ sílẹ̀, ó wo inú ihò náà, ó yọ àkẹtẹ̀ orí rẹ̀. Sọ́fíyọ̀ wá wò ó. Aṣọ funfun ló wà níbẹ̀, ó ti pọ́n. Sọ́fíyọ̀ ò wo ọ̀dọ̀ ìyá mi. Ó ní kí wọ́n da iyẹ̀pẹ̀ padà síbẹ̀, kí wọ́n lọ jẹun. Wọ́n da á padà pẹ̀lú ọwọ́, kì í ṣe pẹ̀lú ẹ̀rọ. Bọ̀dá Kàmọ́rù bá wọn dà á. Àmọ́ ìlà ò yí. Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, omi ti ń gba orí bàbá mi kọjá.

Ògiri yàrá ẹ̀yìn ò pẹ́ wó sínú omi, yàrá iwájú àti ti àárín nìkan ló ṣẹ́ kù fún wa, inú wọn la sì gbé. Ìyá Mùtíù kú níbẹ̀, Mùtíù wá gbé wọn lọ sin ní Ìbàdàn. Bọ̀dá Kàmọ́rù kọ́lé sí ọ̀nà Ìkòròdú, ibẹ̀ ni wọ́n sin Bọ̀dá sí. Omi ò dẹ́kun wíwọlé, torí àbàtà tó ń sùn sí tẹ́lẹ̀ ṣì wà lábẹ́ ilé iṣẹ́, ẹnikẹ́ni ò sì kan èèkàn lọ́hùn-ún. Àwọn ọmọ mi ní kí Ìyá máa bọ̀ ní Sùúrùlérè lọ́dọ̀ mi, ìyá mi á wá, wọ́n á sùn díẹ̀, wọ́n á ní àwọn fẹ́ lọ sílé. Ní ìrọ̀lẹ́, wọ́n á rìn lọ sétí kánáàlì, wọ́n á rìn padà, wọ́n á tún lọ. Nígbà tí ẹsẹ̀ kọ̀, wọ́n ní ká gbé àga sí abẹ́ fèrèsé iwájú. Wọ́n ní, "Rísì, abẹ́ fèrèsé yìí ni kẹ́ ẹ fi mí sí. Kò jìnnà sí i jù." Mo ní mo gbọ́. Mo wọn ilẹ̀ náà lójú, láàárín ògiri àti gọ́tà. Ó gba ènìyàn kan.

Wọ́n kú ní àárọ̀ Jímọ̀. Àwọn ọmọ mi bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́ abẹ́ fèrèsé bí wọ́n ṣe ń wẹ̀ wọ́n nínú ilé. Kò tíì jìn dé orókùn tí omi fi bẹ̀rẹ̀ sí í sun. Wàsíù, àkọ́bí mi, tó ń ta ẹ̀yà ọkọ̀ ní Ládìpọ̀, gòkè wá pẹ̀lú ẹrẹ̀ lára.

"Màmá, omi ni."

"Ẹ gbọ́n ọn."

"A ti ń gbọ́n ọn, Màmá."

"Ẹ tún gbọ́n ọn."

Wọ́n gbọ́n ọn. Àwọn ará ilé kejì mú garawa wá, wọ́n bá wọn gbọ́n ọn. Wọ́n á gbọ́n ọn tán, ilẹ̀ á hàn, mo máa ní ẹ yára, omi á tún sun. Ìmáàmù kékeré tó wà ní mọ́ṣáláṣí báyìí wá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó ní, "Ìyá, a ò lè gbé wọn sínú omi. Ẹ jẹ́ ká gbé wọn lọ síbi tó gbẹ." Mo dìde, mo lọ sẹ́nu ọ̀nà, mo padà. Mo ní kí wọ́n máa gbé wọn.

A gbé wọn lọ sí itẹ́ òkú ìjọba. A kírun sí wọn lára lẹ́yìn Àsárì. Ọjọ́ Jímọ̀ yẹn la sin Sàlámọ̀tù Àbẹ̀kẹ́ síbẹ̀, láàárín àwọn tí mi ò mọ orúkọ wọn.